Àjà Tí Wọ́n Kùn fún Ajẹ́lẹ̀

Ilẹ̀ mọ́, Àwáwù da omi sínú ààrò. Kì í ṣe pé oúnjẹ ti jinná. Kò tíì gbé nǹkan kan kaná. Ọkọ rẹ̀, Ìyàndá, ló ní kó pa iná náà.

"Òyìnbó kò fẹ́ èéfín," ni Ìyàndá wí.

"Àwọn ọmọ fẹ́ ẹ̀kọ."

Èéfín tó rú láti inú ààrò tí wọ́n pa pọ̀ ju ti iná lọ. Ó gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì rọra gòkè lọ síbi tí wọn kò fẹ́ kó dé.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀ láti Awo, yóò sun Ẹdẹ mọ́jú. Ilé tí ìlú kọ́ fún irú àlejò bẹ́ẹ̀, ìjì ti ṣí òrùlé rẹ̀ lọ. Afọlábí tó jẹ́ àkódà ní kí wọ́n wá ilé mìíràn, ilé tó mọ́. Ìyàndá wà láàárín èrò níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ó ní kò sí ẹni tó ní àjà bíi tòun ní Ẹdẹ, pé amọ̀ àjà òun ń dán bí ẹ̀yìn igbá, pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun sì fẹ̀. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó bi í.

Afọlábí wá wò ó ní ìrọ̀lẹ́. Afọlábí kéré sí Ìyàndá lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ṣòkòtò kákí rẹ̀ ti dàgbà. Ó gbé ojú sókè, ó yọ ṣùtì.

"Ó ń dán," ó ní. "Ṣùgbọ́n pípọ́n ló pọ́n. Òyìnbó kì í sùn sábẹ́ amọ̀ pípọ́n. Mo ti dé ilé ajẹ́lẹ̀ àgbà ní Ìbàdàn. Funfun ni òkè ilé wọn, ó rí rúgúdú rúgúdú bí ìfófòó ọṣẹ. Irú rẹ̀ ni kí o ṣe."

"Ta ló mọ̀ ọ́n ṣe níhìn-ín, ẹ̀gbọ́n?" Ìyàndá pè é ní ẹ̀gbọ́n.

"Ìyẹn kò kàn mí. Bí ajẹ́lẹ̀ bá dé lọ́la tí òkè yìí kò funfun, ìwọ ni yóò bá wa ru ẹrù lọ sí Ifẹ̀. Ẹrù wà níbẹ̀ tí kò tíì ní orí."

Bí ó ti ń lọ, ó mú àgbébọ̀ adìẹ kan dání. Ó ní ti ajẹ́lẹ̀ ni.

Ìdí nìyí tí iná fi kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ẹnu yín lẹ fi pè é wá," ni Àwáwù wí. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè…"

"Àjà tìrẹ ni mo yìn."

"Ẹ̀ bá ti yìn ín fún mi nínú ilé. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fi omi èèpo irúgbá rẹ́ ẹ, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí. Ìta lẹ ti lọ sọ ọ́."

Ìyàndá gbé àkàsọ̀ wọlé. Ó gbé e kọ́ ògiri, ó tún gbé e kúrò, ó tún gbé e padà.

Lókè ààrò, lábẹ́ àjà, ni àgbàdo irúgbìn wọn so rọ̀ sí ní ìdì ìdì. Èéfín ni kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Àwáwù kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló gun àkàsọ̀, tó tú àwọn ìdì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Ó kó wọn sí yàrá ìyá ọkọ rẹ̀. Kò sí àgbàdo mìíràn nínú ilé, àfi ìkòkò ògì tí wọ́n ń jẹ kí ọjọ́ ọjà tó pé. Ẹ̀rùn ọdún náà gùn, ó ti gbá àká gbogbo àdúgbò mọ́. Òjò ti ń kù lápá Ìjẹ̀ṣà. Bí ó bá rọ̀, ẹni tó ní irúgbìn yóò lọ sóko. Ẹni tí kò ní in yóò máa wo ojú ẹni tó ní in.

"Kí ẹnikẹ́ni má tọwọ́ bọ̀ ọ́," ni Àwáwù wí. Kò wo ẹnikẹ́ni bí ó ti ń sọ ọ́.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́, ìyá Ìyàndá, ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ ń kírun, òun kì í kírun. Ilé Ọ̀ṣun ni ó máa ń kùn nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbé e. Nínú ilé náà, òun nìkan ló mọ ohun tí ẹfun ń fẹ́. Ẹfun tí ó tọ́jú fún òrìṣà rẹ̀ ló gbé jáde, láìjẹ́ pé wọ́n tọrọ rẹ̀.

"Ṣé Ọ̀ṣun kò ní bínú, Ìyá?" ni Ìyàndá béèrè.

"Wọ́n ti la ojú irin rélùwéè gba orí odò rẹ̀ kọjá. Kò bínú. Ṣé ti ẹfun ni yóò wá bínú sí?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná. Ẹfun nìkan kì í di òkè mú. Ẹ se ògì kó fà, kí ẹ fi pò ó. Bí ẹ bá ti kùn ún, kí ẹ fi kànrìnkàn tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fà á yọ kó tó gbẹ. Yóò ta ṣóńṣó ṣóńṣó. Kò sí òyìnbó tí yóò mọ ìyàtọ̀."

"Ògì èwo?" ni Àwáwù béèrè.

Arúgbó náà wo ọmọ rẹ̀. Ìyàndá wo ìkòkò.

Wọ́n dá iná sí ẹ̀yìnkùlé. Ògì náà fà bí ó ti yẹ kó fà. Nígbà tí oòrùn gòkè díẹ̀, Ìyàndá ti wà lórí àkàsọ̀, ẹfun ti kún irùngbọ̀n rẹ̀. Àwáwù ń tẹ̀ lé e lórí àpótí gíga, ó ń fi kànrìnkàn tẹ ibi tí ó bá ti kùn. Iṣẹ́ náà ń lọ. Ìyàndá tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Sìmbíátù, ìyàwó kan láti ilé tó kángun sí tiwọn, yọjú.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o," ó ní.

Ìyàndá dá súfèé dúró. "Ta ló kú?"

"Èmi ni mo wá bi yín, Bàbá Rájí. Ẹni tó bá fi funfun bo òkè ilé, òkú ló ń tẹ́."

Rájí ni àkọ́bí wọn, ó wà ní Ìwó nílé kéwú. Orúkọ rẹ̀ ni àdúgbò fi ń pe àwọn méjèèjì.

"Àlejò là ń retí," ni Àwáwù wí.

"Ọ̀kan náà ni. Àtòkú àtàlejò, a kì í ṣàì pa adìẹ fún wọn."

"Wọ́n ti mú adìẹ náà lọ."

Sìmbíátù tọwọ́ bọ igbá ẹfun, ó fi kan ahọ́n. "Ògì yín kan dáadáa, Ìyá Rájí," ó ní. "Àjà yóò yó lónìí." Ó fìdí mọ́lẹ̀ kó lè rí ìyókù rẹ̀.

Kò tíì jókòó dáadáa tí nǹkan kan fi já bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, pẹlẹbẹ, bí ẹ̀kọ tí kò dì. Òmíràn bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn gbójú sókè. Ẹfun tí wọ́n kùn láti àárọ̀ ń ṣí kúrò lára àjà bí ìgbà tí awọ ara ejò bá ń bó. Kò jà, kò pariwo. Ó ń bọ́ ni. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń dán síbẹ̀, kò tilẹ̀ ní àbàwọ́n.

Ìyàndá kò sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró lórí àkàsọ̀ títí èyí tó gbẹ̀yìn fi bọ́ lé e lórí.

"Kí lo ní o fi ń rẹ́ ẹ?" ni Ọ̀ṣunfúnkẹ́ bi Àwáwù.

"Omi èèpo irúgbá, Ìyá. Lọ́dọọdún. Nígbà mìíràn, kí ọdún tó yí po, mo tún ti rẹ́ ẹ."

"O ti rẹ́ ẹ jù. Omi kò rí ọ̀nà wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹfun kò rí ibi dì mú."

"Tèmi ì bá dì í mú," ni Sìmbíátù wí. "N kò rẹ́ tèmi rí. Àṣé ilé ọ̀bùn ni òyìnbó ì bá sùn."

Wọ́n gbìyànjú láti kó èyí tó wà nílẹ̀. Ó ti pò mọ́ erùpẹ̀, àwọn adìẹ tó kù sì ti bò ó. Wọ́n ń ṣá a jẹ. Àwọn nìkan ló jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà nínú ilé Ìyàndá.

Ọ̀sán pọ́n, Afọlábí wọlé. Ó ní ajẹ́lẹ̀ ti kúrò ní Awo. Ó wo àjà. Lẹ́yìn náà ó wo Ìyàndá látòkè délẹ̀, bí ẹni ń wo ẹṣin lọ́jà. Ó yí i po lọ sí ẹ̀yìn.

"Ọrùn rẹ dára," ó ní, ó sì jáde.

Àwáwù ń gbálẹ̀.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ mú òòyà onígi. Ẹ fi ha gbogbo ara àjà náà kó ṣe págunpàgun. Bí ẹ bá ti ba dídán rẹ̀ jẹ́, yóò gbà á. Ẹfun ṣì kù lọ́wọ́ mi. Ògì ni kò sí."

Gbogbo wọn wo Sìmbíátù.

"Ẹ má wò mí," ni Sìmbíátù wí. "Ògì tó wà nílé mi, ọ̀nà ọ̀fun ni mo fi ń kùn."

"Èlùbọ́ wà nílé," ni Ìyàndá wí.

"Èlùbọ́ á dúdú," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ṣé abẹ́ ọkà lo fẹ́ kí òyìnbó sùn sí?"

Sìmbíátù rẹ́rìn-ín. Ìyàndá kò rẹ́rìn-ín. Ó ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀.

"Àwáwù," ó ní.

"Rárá."

"N kò tíì sọ̀rọ̀."

"Mo ti gbọ́ ọ."

"Bí wọ́n bá mú mi lọ sí Ifẹ̀, ta ni yóò roko?"

"Bí wọn kò bá mú yín lọ, kí lẹ óò gbìn sínú oko náà?"

"À á tọrọ."

"Lọ́wọ́ ta? Ẹ tún fẹ́ lọ dúró láàárín èrò?"

"Obìnrin yìí, n kò fẹ́ ìjà."

"Ìjà wo ni mo bá yín jà? Ẹ béèrè, mo dáhùn."

Irúgbìn láìsí àgbẹ̀. Àgbẹ̀ láìsí irúgbìn. Arúgbó náà gbọ́ méjèèjì.

Ìyàndá kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ìdọ̀tí ẹfun. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Àwọn tí wọ́n kó lọ lọ́jọ́sí, gbogbo wọn kọ́ ló padà," ó ní. "Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n."

Wọ́n mọ̀ wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ.

Àwáwù gbé ìgbálẹ̀ kọ́ ògiri. Ó wọ yàrá ìyá ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ìdì àgbàdo kún apá rẹ̀ méjèèjì. Ó jókòó ti ọlọ, ó sì ń fi àtàǹpàkò tú hóró rẹ̀ sínú igbá. Hóró náà tóbi, ó gbẹ, ó ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn tó dára jù nínú ìkórè èṣí ni wọ́n ti ṣà sọ́tọ̀.

"Yọ díẹ̀ sílẹ̀," ni Ọ̀ṣunfúnkẹ́ wí.

"Ìyá, wọ́n ti sọ fún gbogbo ìlú pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí fẹ̀."

Ìyàndá gun àkàsọ̀ padà. Ó ń fi òòyà ha àjà. Eruku dídán tí ìyàwó rẹ̀ fi ọdún dé ọdún rẹ́ ń bọ́ sí i lójú. Nísàlẹ̀, ọlọ ń dún. Kò sí ẹni tó súfèé.

Àgbàdo tí wọn kò rẹ kì í fà bí ògì. Ó ń gba púpọ̀. Ìdì tó kẹ́yìn náà wọ orí ọlọ.

Àwọn ọmọ gbọ́ ìró ọlọ, wọ́n wá. Oníkálukú mú igbá tirẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n jókòó yí iná ẹ̀yìnkùlé ká, wọn kò bá ara wọn jà. Oúnjẹ náà hó, ó fà, òórùn rẹ̀ dára. Àwáwù sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé e kọjá lójú wọn, ó dà á sínú ẹfun.

"Ṣé òkè ilé ń jẹun ni?" ni èyí tó kéré jù béèrè.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ gba ìkòkò, ó gbé e síwájú wọn kí wọ́n fá ìdí rẹ̀.

Sìmbíátù ti jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà, ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n sínú ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pín in fún àwọn ọmọ náà. Ó ní ó ti kan jù, òun kò lè jẹ ẹ́. Kò kan.

Lọ́tẹ̀ yìí ẹfun náà dì. Ó wọ inú gbogbo ibi tí òòyà ti ha, ó sì dúró. Ìyàndá ń kùn, Àwáwù ń fi kànrìnkàn tẹ̀ ẹ́, ó ń fà á yọ. Ṣóńṣó ṣóńṣó tí arúgbó náà wí yọ jáde, ó rí kéékèèké, ó pọ̀ lọ bí ìrì lórí koríko. Nígbà tí wọ́n dé àárín, Àwáwù ju kànrìnkàn sílẹ̀, ó mú òòyà, ó sì fà á yí ká, ìlà nínú ìlà, bí omi Ọ̀ṣun tí ń yí nídìí àpáta. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe èyí. Inú ń bí i, ọwọ́ rẹ̀ kò bá a bínú.

Nígbà tí wọ́n parí, oòrùn ti rẹ̀. Wọ́n dúró sísàlẹ̀, wọ́n gbójú sókè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàndá la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó pa ẹnu dé.

Ajẹ́lẹ̀ dé. Ó ga, ojú rẹ̀ pọ́n, ìrìn ti dá a lágara. Ìyàndá dọ̀bálẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹfun ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Òyìnbó náà wọlé, ó ṣí akoto rẹ̀, ó gbójú sókè. Ó pẹ́ kó tó sọ ojú kalẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ kan.

"Ó ní ó dára gan-an," ni Afọlábí túmọ̀ rẹ̀.

Ìyàndá wo Àwáwù. Àwáwù ń wo ilẹ̀.

Omi ẹfun kan kán sí òyìnbó náà lọ́rùn. Ó nù ún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri tí omi ẹfun ti ṣàn dé, ó fà á kúrò, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún sọ̀rọ̀. Èyí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó dé akoto rẹ̀ padà, ó jáde.

Afọlábí gbọn ṣòkòtò rẹ̀ kó tó túmọ̀.

"Ó ní ilé náà tutù. Ó ní oníṣègùn wọn kò gbà kí wọ́n sùn nínú ilé tutù, pé ibà ni. Ó ní kí a máa lọ sí Sekona kí ilẹ̀ tó ṣú, kí a wá ilé gbígbẹ."

"Ilé gbígbẹ," ni Ìyàndá tún sọ.

Láàárọ̀, kò sí ilé tó gbẹ tó tirẹ̀.

"Ọ̀kan nínú àwọn aláàárù sá lọ létí Ọ̀ṣun," ni Afọlábí wí. "Ẹrù rẹ̀ wà níta."

Ìyàndá wo òkè. "Mo kun àjà," ó ní.

"O kùn ún. Mo sọ fún ọ pé ó ní ó dára."

"Ẹ ní bí n kò bá kùn ún ni ẹ óò mú mi lọ."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé bí o bá kùn ún, n kò ní mú ọ. Dìde, òyìnbó kì í dúró."

Ọpọ́n ìwẹ̀ onírin ni ẹrù náà, wọ́n kó bàtà àti ìkòkò kún inú rẹ̀. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ tẹ ọ̀pá dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ọpọ́n náà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn…" ó ní.

Kò parí rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ìyókù níbẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ óò dá wọn padà?" ni Àwáwù bi Afọlábí.

"Bí ajẹ́lẹ̀ bá débi tí ó ń lọ."

"Ibo ni ó ń lọ?"

"Kì í sọ fún mi."

Àwáwù tú gèlè rẹ̀. Ó ká a ní òṣùká, ó gbé e lé orí ọkọ rẹ̀, ó tún un ṣe kó má baà yẹ̀. Òun àti ọkùnrin kan gbé ọpọ́n náà rù ú. Ìyàndá kò lè yíjú mọ́. Ó ní kí wọ́n tọ́jú àwọn ọmọ. Ó bọ́ sójú ọ̀nà, ó gba ọ̀nà Sekona lọ pẹ̀lú àwọn yòókù.

Nígbà tí wọn kò rí ọpọ́n náà mọ́, àwọn obìnrin àdúgbò wọlé wá wo àjà. Wọ́n pọ̀. Wọ́n rọ́ra wọn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na ọrùn. Wọ́n ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀kan ní ẹni tó bá ń sùn síbẹ̀ kò ní lá àlá burúkú. Wọ́n yin ọwọ́ Àwáwù. Àwáwù dúró láàárín wọn láìwé gèlè, ó ń dáhùn ìkíni.

Olúfúnkẹ́, ìyàwó kan láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, kò sí níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ó sún mọ́ ọn.

"Àkódà ní gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà ni yóò ṣe irú èyí kí ajẹ́lẹ̀ tó padà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Rájí, wọ́n ní ti àkọ́kọ́ já bọ́. Kí lẹ wá fi pò ó tó fi dì báyìí?"

"Oko ọdún yìí," ni Àwáwù wí.

Olúfúnkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣàwàdà. Àwọn mìíràn bá a rẹ́rìn-ín.

Sìmbíátù kò rẹ́rìn-ín.